Kéépà Nínú Ìgò, Irú Nínú Ewé

Lórí pẹpẹ àwọn ilé ìtajà ńlá ní Èkó, níbi tí wọ́n ń to ólífì àti kùkúńbà inú fínígà sí, ìgò kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ń wò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n á sì kọjá. Nǹkan róbótó-róbótó aláwọ̀ ewé ló wà nínú rẹ̀, omi iyọ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀, iye tí wọ́n sì ń tà á kì í ṣe kékeré. Kéépà ni. Kì í ṣe èso, kì í sì í ṣe ẹ̀wà kankan. Òdòdó tí kò tíì là ni. Igi kúkurú kan tó ń hù lára àpáta àti ògiri àtijọ́ káàkiri etí Òkun Mẹditaréníà ló ń mú un jáde, Capparis spinosa ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a, ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú kí òdòdó náà là, nítorí èyí tó bá ti là kò wúlò fún ìgò mọ́. Ní tútù, ó korò débi pé kò ṣe é jẹ. Inú iyọ̀ tàbí fínígà ni wọ́n ń rì í sí fún ọjọ́ púpọ̀ kí ìkorò náà tó rọlẹ̀, kí adùn mìíràn sì tó yọjú, adùn tó níyọ̀, tó kan díẹ̀, tó sì ń ta imú. Ní Pantelleria, erékùṣù kékeré kan tó jẹ́ ti Ítálì láàrin Sicily àti Tùnísíà, iyọ̀ òkun ni wọ́n fi ń tọ́jú tiwọn. Láti ọdún 1996 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti fọwọ́ sí i pé kéépà tí wọn kò bá gbìn sí erékùṣù náà kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n tún ń fi ìwọ̀n yà á sọ́tọ̀. Èyí tí ìbú rẹ̀ kò tó mílímítà 7 ni wọ́n ń pè ní nonpareil, òun ló sì máa ń wọ́n jù.

Gbogbo wàhálà yìí, lórí òdòdó tí ènìyàn kì í fi ju ṣíbí kan tàbí méjì lọ sínú oúnjẹ odindi ìdílé! Ó yẹ kó mú wa ronú, àwa tí a ní irú nílé. Iṣẹ́ kan náà ni irú àti kéépà ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ọ̀kankan nínú wọn yó, wọn kì í sì í ṣe ata tàbí iyọ̀ lásán. Ohun kékeré tó lóòórùn ni wọ́n, tó ń mú adùn tí kò sí nínú ìkòkò tẹ́lẹ̀ wọlé. Èrò mi ni pé ẹni tó mọ irú lò dáadáa ti mọ ọ̀nà kéépà kó tó rí ìgò rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n mo tún gbà pé ìmọ̀ yẹn gan-an ló ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Irú ṣì wà lọ́jà, ẹni tó ń rà á ṣì pọ̀. Ẹni tó lè sọ pé èyí ni ti ewédú, èyí ni ti ẹ̀fọ́ rírò, ìgbà báyìí ni kí o dà á sí i, òun ló ń dín kù.

Bí a bá ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere, òpópónà tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì ni kí a wò, láti Àlàbá dé Òkokomáíkò. Ìlú Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà tó wà lójú ọ̀nà yìí. Ọlọ́jọ́ ni ọba Ọ̀jọ́, Oníbà ni ọba Ìbà, ọ̀sà àti ẹja sì wà nínú ìtàn wọn láti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n láàrin nǹkan bí àádọ́ta ọdún sí àkókò yìí, gbogbo Nàìjíríà ló kó dé síbẹ̀. Ìjọba Lateef Jakande kọ́ ilé rẹpẹtẹ fún ará ìlú sí Ìbà. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1983. Bárékè ológun wà níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò Ìgbò sọ Àlàbá di ọjà ẹ̀rọ tí wọ́n mọ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ará Òkè Ọya dá ọjà Àlàbá Rágò sílẹ̀, àwọn Ẹ̀gùn sì ti wà ní ìhà Àgbádárìgì kí òyìnbó tó débẹ̀. Ohun tí èyí fà sínú ìkòkò ọbẹ̀ ni pé ní àdúgbò kan ṣoṣo, nígbà mìíràn nínú ilé kan ṣoṣo, obìnrin Ọ̀yọ́ ń fi irú se ẹ̀fọ́, obìnrin Kano ń fi dàwàdáwà se ọbẹ̀ kúkà, obìnrin Ẹ̀gùn mọ àfìtìn, obìnrin Ìgbò sì ń fi ògìrì sí ọbẹ̀ ewúro. Hóró igi kan náà ni irú, dàwàdáwà àti àfìtìn. Ògìrì ló yàtọ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀gúsí tàbí èso lárà ṣe, àwọn Yorùbá kan náà sì ń sè é. Kò sí ibi púpọ̀ lórí ilẹ̀ ayé tí ìlànà mẹ́rin báyìí ti jọ ń lo ẹnu ọ̀nà kan. Síbẹ̀, bí o bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tó dàgbà sí Ìyànà-Ìbà lágbègbè náà pé kí ló ń mú ọbẹ̀ dùn, mágí ló ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ dárúkọ.

Igi irú kì í hù ní Ọ̀jọ́. Ilẹ̀ ọ̀dàn ló fẹ́, apá àríwá Ọ̀yọ́, Kwara, Niger, títí lọ sókè. Mungo Park rí i nígbà ìrìnàjò rẹ̀ lọ sí Odò Ọya láàrin ọdún 1795 sí 1797, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tó di 1826, onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Robert Brown fi orúkọ Park sọ ẹ̀yà igi náà ní Parkia. Àwọn tó ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò rí orúkọ tiwọn níbẹ̀, ìyẹn náà kì í ṣe tuntun. Hóró rẹ̀ le gan-an. Wọ́n á sè é fún nǹkan bí wákàtí méjìlá, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí èèpo rẹ̀ yóò fi rọ̀. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n gún un díẹ̀ kí èèpo lè bó, wọ́n á fọ̀ ọ́ lómi púpọ̀, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá kó o sínú igbá tàbí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ kó lè móoru. Láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, irú ti dé. Ti irú wooro, hóró rẹ̀ á dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti irú pẹ̀tẹ̀, wọ́n á sè é pẹ́ ju ti wooro lọ, wọ́n á fi kàún sí i kó lè rọ̀ pátápátá, á sì lẹ̀ mọ́ra. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó fi ìwúkàrà kankan sí i. Ohun tó ń sọ ọ́ di irú ti wà lára ewé, lára igbá àti nínú afẹ́fẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìwádìí S. A. Ọdúnfá ní Yunifásítì Ìbàdàn fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Bacillus subtilis ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ohun tí kòkòrò yìí ń ṣe ló jẹ́ ká mọ bí irú ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọbẹ̀. Ó ń tú puroténì inú hóró náà sí wẹ́wẹ́, ọ̀kan lára àwọn wẹ́wẹ́ náà sì ni glutamate, èyí tí Kikunae Ikeda yọ jáde láti inú ewéko òkun ní Japan ní ọdún 1908, tó wá di ohun funfun tí à ń rà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì títí dòní. Àwọn ará Japan náà ní natto, ẹ̀wà sóyà tí Bacillus yìí kan náà sọ di ohun tó ń yọ̀ tó sì ń run. Nítorí náà, iyọ̀ kọ́ ló ń mú irú dùn. Irú tí ẹnikẹ́ni kò fi iyọ̀ sí lè mú kí ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kéré tó lẹ́nu ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ibí gan-an ni òun àti kéépà ti yà. Iyọ̀, kíkan àti títa ni kéépà mú wá. Oúnjẹ tí òróró pọ̀ nínú rẹ̀, tó sì fẹ́ sú ènìyàn, ni kéépà ń jí. Irú kì í jí oúnjẹ, ó ń fún un ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ní kí a fi kéépà rọ́pò irú nínú ẹ̀fọ́ rírò kò tíì mọ ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ọ̀nà ìlò: kí o mọ iye iyọ̀ tó wà lára rẹ̀ kó tó kan ìkòkò, kí o mọ ìgbà tó yẹ kó wọlé, kí o sì mọ ìgbà tó tó.

Ìgbà tó yẹ kó wọlé ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ ti ń bàjẹ́ tí a sì ń di ẹ̀bi ru irú. Òórùn tó ń gún imú lára irú, amóníà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, amóníà kì í sì í dúró níwájú iná. Irú wooro tí wọ́n bá dà sínú epo gbígbóná pẹ̀lú àlùbọ́sà, kí ata tó wọlé, á pàdánù èyí tó ń gún imú, á sì gba òórùn ohun yíyan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọbẹ̀ ọ̀fadà. Irú kan náà tí wọ́n bá já sílẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ ti jinná tán, tí wọ́n sì pa iná láìpẹ́, òórùn àpò rẹ̀ ni yóò gbé wá sórí àwo. Irú pẹ̀tẹ̀ kò nílò epo. Omi ló ń wá: ewédú tó ń hó, ilá àsèpọ̀, níbi tó ti lè yòrò tí ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i mọ́. Wooro nínú ewédú jẹ́ àṣìlò tí ẹnu ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀, hóró líle nínú ohun tó yẹ kó máa yọ̀ wọ ọ̀nà ọ̀fun. Ní ti ẹ̀gúsí, ìjà wà níbẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Èmi fara mọ́ àwọn tó ń fi pẹ̀tẹ̀ sí omi ẹran ní ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á tún wá fọ́n wooro díẹ̀ sínú epo, nítorí iṣẹ́ méjèèjì kò pa ara wọn lára. Kí ẹni tó bá lo pẹ̀tẹ̀ sì rántí pé kàún ti wà nínú rẹ̀. Ewédú tó ti gba kàún tẹ́lẹ̀ tí wọ́n tún da pẹ̀tẹ̀ púpọ̀ sí á di aláwọ̀ eérú, á sì máa korò.

Fífọ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Iyanrìn inú irú kì í ṣe ìròyìn àròsọ, ẹni tó bá ti bù ú jẹ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ àwọn tó ń bẹ̀rù iyanrìn débi pé wọ́n ń rẹ irú sínú omi fún ìdajì wákàtí ń da adùn nù, nítorí lára ohun tó ń yọ̀ lẹ́yìn hóró náà ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n rà wà. Kí wọ́n da omi lé e, kí wọ́n rọra rò ó, kí iyanrìn rọlẹ̀, kí wọ́n sì fi ọwọ́ kó irú láti òkè kíákíá. Òdìkejì ni kéépà. Èyí tí wọ́n fi iyọ̀ lásán tọ́jú gbọ́dọ̀ wà nínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n pààrọ̀ omi rẹ̀ kí wọ́n sì tọ́ ọ wò. Èyí tó wà nínú omi iyọ̀ tàbí fínígà, ó tó kí wọ́n ṣàn án lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí ọwọ́ wọn kúrò lára iyọ̀ títí oúnjẹ yóò fi jinná. Ẹni tó fi kéépà, mágí àti iyọ̀ sí ìkòkò kan náà ti se omi òkun.

Ibo wá ni kéépà ti lè wúlò nílé ìdáná Ọ̀jọ́ tàbí Òkokomáíkò? Lórí ẹja ni mo máa kọ́kọ́ fi sí, àdúgbò náà kò sì jìnnà sí ẹja. Ẹja díndín tí òróró rẹ̀ ṣì gbóná, àlùbọ́sà tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, kéépà tí wọ́n ti fi òróró díẹ̀ dín títí ó fi là tó sì ń ró lẹ́nu, ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fún lé e: kò sí ẹni tó máa ní kí a tún fi nǹkan mìíràn sí i. Ó dára nínú ẹyin díndín, ó dára nínú sàdín tí wọ́n fẹ́ jẹ pẹ̀lú búrẹ́dì, ó sì lè gba sàláàdì ayẹyẹ wa tí máyónéèsì ti bò mọ́lẹ̀ là. Ní Naples, tòmátì, ólífì, ẹja kékeré oníyọ̀ àti kéépà ni wọ́n ń pò pọ̀ fún sìpàgẹ́tì tí wọ́n ń pè ní puttanesca. Sìpàgẹ́tì àti tòmátì inú agolo kò sì ṣòro rí nílé akẹ́kọ̀ọ́ kankan nítòsí LASU. Ìparí ni kéépà ń wọ ìkòkò, nítorí iná pípẹ́ ń lé títa rẹ̀ lọ. Inú epo pupa ni n kò ní fi sí. Adùn epo pupa àti kíkan fínígà kì í gbọ́ ara wọn, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè dán an wò.

Kéépà pàápàá kì í ṣe àjèjì tó bí ìgò rẹ̀ ṣe mú un rí. Ẹ̀kúyá, ẹ̀fọ́ tí àwọn àgbà mọ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lórí àtẹ Èkó mọ́ bíi ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀, ìdílé kan náà ni wọ́n kà á mọ́ pẹ̀lú kéépà tipẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó yà á sọ́tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun kan náà tó ń ta imú lára kéépà wà nínú ewé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń korò, tí wọ́n fi ń bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó rò ó, tí àwọn ará Kenya sì fi ń fi wàrà sè é. Wọ́ńdáfùlù kólà tí wọ́n ń kiri nínú gosílóò òpópónà Àgbádárìgì, inú ìdílé kéépà gan-an ló wà títí di òní. Ẹni tó ti bù ú jẹ, tó sì ń fẹ́ ẹnu rẹ̀ fùù nítorí títa, ti pàdé mọ̀lẹ́bí kéépà láìmọ̀.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní òórùn. Ọ̀pọ̀ ilé ní Òkokomáíkò àti ẹ̀yìn Ìyànà-Ìbà jẹ́ ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ìdílé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ jọ ń dáná ní ọ̀ọ̀dẹ̀ kan, ẹni tó bá sì gbé irú lé iná níbẹ̀, gbogbo ilé ló gbé e lé iná fún. N kò ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú èyí. Imú ẹnìkejì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ìjà ilé ìdáná sì ti tú ilé ká rí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó ń ráhùn nípa irú lè má ráhùn nípa ẹja gbígbẹ tàbí pọ̀nmọ́ tí wọ́n ń sun, bẹ́ẹ̀ òórùn tiwọn kò kéré. Ohun tó wà lẹ́yìn ìráhùn náà, lójú tèmi, ni pé a ti so òórùn irú mọ́ òṣì àti ìgbèríko, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú kò sì fẹ́ kí aṣọ òun máa sọ ibi tí òun ti wá. Àwọn ará Yúróòpù ní wàràkàṣì tí òórùn rẹ̀ lè lé ènìyàn kúrò nínú yàrá, wọ́n sì ń ta á ní owó iyebíye. Ní ti òórùn fúnra rẹ̀, ìwòsàn rẹ̀ kò le: ìgò onídèérí líle dípò ọ̀rá, àyè nínú fírísà bí iná bá wà, iyọ̀ díẹ̀ tàbí sísá sóòrùn bí kò bá sí, epo gbígbóná àti àlùbọ́sà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sè é.

Àwọn mìíràn á ní ó dọ̀tí. Òtítọ́ wà nínú èyí ju ti òórùn lọ. Irú tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbalasa lẹ́bàá gọ́tà, tí eṣinṣin ń ṣe ìpàdé lórí rẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rà á, bí kò ti yẹ kí ó ra ẹran tó wà ní ipò bẹ́ẹ̀. Iná á pa púpọ̀ nínú ohun tó bà lé e, kò sì yẹ kí a jẹ irú láìsè é; ṣùgbọ́n irú tó hu èébu funfun tàbí dúdú, tàbí tó ń run bí ohun kíkú, ààtàn ni ibùgbé rẹ̀. Ohun tí àríwísí yìí sì fi hàn mí ni pé ó yẹ kí irú dáa sí i. Kò fi hàn pé ó yẹ kó lọ. Kéépà Pantelleria wọ́n nítorí pé olùrà mọ ibi tó ti wá, ó mọ ìwọ̀n rẹ̀, ó mọ ohun tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń ra irú ní Ìyànà-Ìbà kò ní àmì kankan tó lè fi mọ ti Ṣakí yàtọ̀ sí ti Kwara, tàbí irú gidi yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe. Irú sóyà kì í ṣe májèlé, oúnjẹ gidi ni, ó sì ní puroténì. Kí wọ́n ṣáà sọ fún ẹni tó ń rà á. Títí dìgbà náà, ìyá oníirú tó ti ń tà á tipẹ́ ni ìwé ẹ̀rí tí a ní, ìdí nìyẹn tí oníbàárà tó gbọ́n kì í fi í pààrọ̀ oníirú rẹ̀ bí kò bá ṣẹlẹ̀ pé ó jà á kulẹ̀.

Èyí tó le jù láti dáhùn ni ti mágí. Ó pọ́ọ́kú, kò ní iyanrìn, kò ní òórùn, kì í bàjẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ lè tú u sínú ọbẹ̀. Kí la tún fẹ́? N kò sọ pé mágí ń pa ènìyàn, n kò sì gbà pé glutamate inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀tá, níwọ̀n ìgbà tí irú náà ní in. Iyọ̀ inú rẹ̀ ló yẹ ká máa wò. Nínú ọ̀pọ̀ mágí onígun tó wà lọ́jà, iyọ̀ ló pọ̀ ju ohunkóhun mìíràn lọ, a sì ń fi sí ọbẹ̀ tó ti gba iyọ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lójúmọ́. Irú ń fún ni ní adùn yẹn láìfi iyọ̀ sanwó rẹ̀, bí ẹni tó ń tà á kò bá ti fi iyọ̀ kún un. (N kò ní tẹ̀ síwájú láti sọ pé ó ń la ojú tàbí pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn, bí àwọn kan ṣe ń polówó rẹ̀. Kò dìgbà tí irú bá di oògùn kó tó níyì.) Ìdí tí mágí fi borí kò sì nira láti rí: kò béèrè ìmọ̀ kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọbẹ̀ ló ń gbà á, ní ìgbàkígbà, ní iyekíye. Ìyẹn náà ló mú kí gbogbo ọbẹ̀ máa dùn bákan náà.

Wọ́n ti gbìyànjú láti fi irú ṣe mágí rí. Ní ọdún 1991, iléeṣẹ́ Cadbury Nigeria gbé dàwàdáwà onígun jáde, èyí tí wọ́n ti gbẹ tí wọ́n sì gé bíi mágí kó lè pẹ́ lórí àtẹ. Kò rí ẹsẹ̀ walẹ̀ lọ́jà bí wọ́n ṣe fẹ́. Àwọn kan lè fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ayé irú ti lọ. Èmi rí i ní ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó ń sá fún òórùn irú ti ní mágí rẹ̀ lọ́wọ́, kò ní pa dà nítorí pé wọ́n gé irú ní igun mẹ́rin. Ẹni tó fẹ́ irú sì ń fẹ́ wooro rẹ̀ tàbí pẹ̀tẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́ fi imú yàn án, ó fẹ́ fi ojú wọn iye tó máa bù. Wọ́n ti gba yíyàn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kó sanwó sí i. Bóyá irú lúbúlúbú tí àwọn kan ń dì sínú ọ̀rá báyìí máa ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá fún àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston tí àpótí ẹrù wọn kò lè gbé òórùn. Àmọ́ nínú epo gbígbóná, irú lúbúlúbú ń jóná kó tó ta sánsán. Inú omi ni kí wọ́n fi sí.

Ó ku àwọn tó máa béèrè pé, bí irú bá dára tó báyìí, kí la fẹ́ fi kéépà ṣe rárá, owó dọ́là la fi ń ra á wọlé. Ìbéèrè tó dára ni, ilé tí kò bá sì ní owó rẹ̀ kò pàdánù oúnjẹ kankan. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi irú àti kéépà bá ara wọn jà ló ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbé. Tòmátì kì í ṣe ohun ilẹ̀ yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ata rodo náà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, lónìí kò sẹ́ni tó lè se ọbẹ̀ Yorùbá láìsí àwọn méjì àkọ́kọ́. Ohun tó wọ ilé ìdáná wa tó sì dúró, ó dúró nítorí pé àwọn tó ń dáná rí iṣẹ́ fún un. Kéépà lè rí iṣẹ́ lórí ẹja. Bí kò bá rí i, á pa dà sórí pẹpẹ.

Ewu tó wà fún irú kò ti ọ̀dọ̀ ìgò kankan wá. Igi rẹ̀ ń pẹ́ kó tó so, ọ̀pọ̀ ọdún ló ń gbà, àwọn tó ń gbìn ín lọ́wọ́ kò sì pọ̀. Èyí tó bá hù fúnra rẹ̀ nínú oko ni wọ́n ń dá sí. Lónìí, àwọn agéèdú ti wọ ọ̀dàn Ọ̀yọ́ àti Kwara, igi irú sì wà lára àwọn tí wọ́n ń gé, torí èédú rẹ̀ ń mú iná dáadáa. Èédú yìí ń ti ọ̀nà kan náà tí irú ń gbà wá sí Èkó, nínú àpò, lórí ọkọ̀ kan náà nígbà mìíràn, òun ni wọ́n sì fi ń yan ẹja àti àgbàdo lẹ́bàá òpópónà láti Ọ̀jọ́ dé Òkokomáíkò ní ìrọ̀lẹ́. Bí hóró ṣe ń wọ́n ní òkè ọ̀hún ni sóyà ń pọ̀ sí i nínú agbada àwọn tó ń sè é.